Kí ló ń lé àgbàlagbà kúrò nínú kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì yín?

Láti Tanke ní Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, iṣẹ́ ọwọ́ wo ni wọn ò kọ́ni lórí fóònù mọ́? Aṣọ rírán, kéèkì, ọṣẹ, gèlè wíwé, ìwé owó kíkọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gúrúùpù á máa hó yèè. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, olùkọ́ nìkan ni yóò máa kí ara rẹ̀ káàárọ̀. Á wá ní àwọn èèyàn wa ò ṣe tán láti kọ́ nǹkan.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Olùwádìí kan, Katy Jordan, yẹ kọ́ọ̀sì 221 wò lára èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Tí a bá to gbogbo wọn láti orí èyí tí wọ́n parí jù dé èyí tí wọ́n pa tì jù, nínú èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, ìdá 12.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló parí rẹ̀. Lóòótọ́, ohun ọ̀fẹ́ kì í dunni í jù nù, ṣùgbọ́n àwọn tó fowó ara wọn sanwó náà ń sá. Ọwọ́ àwa tí à ń ṣe kọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀bi náà wà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ mọ̀

Èyí ló burú jù, òun ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀. Olùkọ́ á kó gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ jọ, á tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé yunifásítì: ẹ̀kọ́ kìíní, ìtumọ̀, ẹ̀kọ́ kejì, ìtàn, ẹ̀kọ́ kẹta, àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ohun tí èèyàn tìtorí rẹ̀ sanwó wá wà ní ẹ̀kọ́ kẹsàn-án. Malcolm Knowles, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé bí àgbà ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, sọ pé àgbà fẹ́ mọ ìdí tí òun fi máa kọ́ nǹkan kó tó fara sí i, àti pé ìṣòro tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń gbé e wá.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́ọ̀sì ìwé owó kíkọ fún àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ìpàtà, ní Ìlọrin. Ẹ má fi "Kí ni ìṣirò owó?" bẹ̀rẹ̀. Àwìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyá kan ra ata ₦40,000, ó san ₦3,000 owó mọ́tò, ó fún alábàárù ní ₦1,000. Ó ta gbogbo rẹ̀ tán ní ₦52,000, àmọ́ wọ́n ra ₦9,000 nínú rẹ̀ láwìn. Ẹ bi í pé, "Màámi, ṣé ẹ jèrè?" Á ní òun jèrè ₦8,000, kò sì parọ́. Ẹ wá ní kó ka owó tó wà lọ́wọ́: ₦43,000. Ó ná ₦44,000 sórí ọjà yẹn! Èrè wà lórí ìwé, owó tó máa fi padà lọ sọ́jà sì ti dín ₦1,000. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ohun tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́ hàn sí i kedere. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ní kó fa ìlà sínú ìwé rẹ̀: orúkọ ẹni tó jẹ owó, iye tó jẹ, ọjọ́ tó ní òun máa san. Kó fi kọ àwìn ọ̀sẹ̀ yẹn, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀yin nìkan ni kó fi í ránṣẹ́ sí o, kó má lẹ̀ ẹ́ sínú gúrúùpù, nítorí orúkọ onígbèsè wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì lè wà nínú gúrúùpù yẹn. Àwọn orúkọ ńláńlá táwọn oníṣirò ń pe nǹkan lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì.

Kí ẹ tó gba fídíò kankan sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: "Tí ẹni yìí bá parí, á lè dá … ṣe." Tó bá jẹ́ "á mọ̀ nípa" lẹ kọ síbẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Ẹni tó gé apá bùbá tó sì bá ihò apá mu régí, gbogbo wa la máa fojú rí i. Ẹni tó "mọ̀ nípa" bùbá, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

Fídíò wákàtí kan

Ó ti di àṣà báyìí: a ṣe kíláàsì lórí Zoom, a gbà á sílẹ̀, a jù ú sínú gúrúùpù pé kí ẹni tí kò bá wá lọ wò ó. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ló sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ní 2014, Philip Guo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìgbà mílíọ̀nù 6.9 táwọn èèyàn wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ìkànnì tí àwọn yunifásítì ti ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó ti wù kí fídíò gùn tó, iye àkókò táwọn òǹwòran sábà ń lò nídìí rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ti àwa tún le: ní January 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó lé owó wọn dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Èèyàn á ro dátà rẹ̀ wò kó tó tẹ fídíò yín.

Ẹ má sì wá máa gé e ní ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà bí ẹní gé ìrèké. Ibi tí iṣẹ́ kan bá parí sí ni kí ẹ ti gé e. Ọrùn gígé lọ́tọ̀, apá gígé lọ́tọ̀, ìṣẹ́tí lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi orúkọ iṣẹ́ náà pe fídíò kọ̀ọ̀kan, kí télọ̀ tí aṣọ oníbàárà ti wà lórí tábìlì rẹ̀ lè tètè rí èyí tó ń wá. Ọ̀rọ̀ tí kò bá nílò ojú, ẹ fi ohùn sọ ọ́ lórí WhatsApp. Èèyàn lè máa gbọ́ ọ bó ṣe ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Aago tí kò mọ àdúgbò

Kíláàsì aago méje alẹ́, ní Ìlọrin? Ìrun Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì ló wà níbẹ̀ yẹn. Ọ̀sán Jímọ̀ kò ṣeé ṣe, àárọ̀ Sọ́ńdè náà kò ṣeé ṣe, tí ààwẹ̀ bá sì dé, gbogbo ètò á tún yí padà. Tí ẹ bá lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ìgbómìnà, ọjà ọrọọrún wà níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé Tọ́sìdé lẹ máa ń kọ́ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá ráyè, kí ẹ wá fi ìpàdé ojúkojú ṣe ti ìbéèrè nìkan.

Ìtìjú

Ìyá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta wà nínú gúrúùpù kan náà pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹ wá lẹ máàkì gbogbo èèyàn síbẹ̀: ìyàwó gba 9 nínú 10, ìyá ọkọ gba 3. Kò ní bínú, kò ní bá yín jà. Á kàn ní fóònù òun ti bà jẹ́, ó sì parí nìyẹn. Èsì ìdánwò èèyàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí i níkọ̀kọ̀.

Ohun tí àgbà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ní iyì. Ẹni tó ti ń hun aṣọ òfì láti kékeré mọ iye òwú tí aṣọ kan máa jẹ láìwo ìwé. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń dá a lé e lónìí. Ibi tí ìdáhùn rẹ̀ bá mẹ́hẹ ni ẹ̀kọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Wíwò láìṣe

Fídíò mẹ́rìnlá, ìdánwò kan, sátífíkéètì aláwọ̀ góòlù. Wọ́n wò ó, wọn ò ṣe é. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kà. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé ló borí. Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo ránṣẹ́: "Láì padà wo fídíò, ínṣì mélòó lẹ máa fi kún àyà kí ẹ tó gé e?" Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ tún bi wọ́n, kí ẹ pa á pọ̀ mọ́ ti ẹ̀kọ́ tuntun.

Iṣẹ́ tí wọ́n sì fi ránṣẹ́, ẹ dáhùn. Àwòrán àtàǹpàkò lásán kì í ṣe èsì. Ẹ sọ ibi tó dára, ẹ sọ nǹkan kan ṣoṣo tí ẹni náà máa tún ṣe. Tí ẹ ò bá lè dá ogójì èèyàn lóhùn, ẹ gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àwọn kékeré yòókù: orin tó ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ yọ ọ́. Lẹ́tà tí kò ṣeé kà lórí fóònù kékeré, ẹ jẹ́ kó tóbi. Ẹ má ka ohun tó wà lójú fídíò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rí i. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà, kí lẹ fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ṣe?

Èyí tó kù ni pé ọ̀pọ̀ máa ń gbé kọ́ọ̀sì jáde láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò. Ẹ wá ẹnì kan tó jọ àwọn tí ẹ fẹ́ kọ́, ẹ sanwó dátà fún un, ẹ ní kó fi fóònù tirẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ kìíní níṣojú yín. Ẹ jókòó tì í, ẹ dákẹ́. Tó bá bi yín pé ibo ni òun máa tẹ̀, ẹ má sọ fún un. Ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lọ tún un ṣe kó tó di pé ẹ gba owó ẹnikẹ́ni.