Bí A Ṣe Ń Dá Èlú Mọ̀ Nínú Igbó Ilẹ̀ Okun

Èlú ni ewé tí àwọn aláró fi ń pa aṣọ láró, ó sì ṣì ń hù nínú igbó wa ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, láti agbègbè Kábbà títí dé ilẹ̀ Yàgbà. Ohun tí ó ń dín kù ni ojú tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa ní Bùnú àti ní Yàgbà, tí wọ́n ń hun aṣọ lórí òfì tí a gbé nàró sínú ilé, mọ èlú bí wọ́n ṣe mọ ewúro ẹ̀yìnkùlé wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ padà sí aró ìbílẹ̀ lóde òní ń wọ igbó lọ já ewé tí kì í ṣe òun. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Mo já ewé kún apẹ̀rẹ̀ kan ní ẹsẹ̀ àpáta, mo gún un, mo ṣù ú, mo sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n pupa rúsúrúsú bí ewé tábà ni gbogbo rẹ̀ dà. Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ pé àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ewéko mọ̀, àfi kí a wo ìtàkùn, ewé, òdòdó àti èso, kí a sì dán ewé náà wò kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe èlú ni Philenoptera cyanescens, ẹ ó sì rí i nínú àwọn ìwé àtijọ́ pẹ̀lú orúkọ Lonchocarpus cyanescens. Ewéko kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí. Cyanescens lédè Látìn túmọ̀ sí èyí tí ó ń di aláwọ̀ búlúù, nítorí náà àmì tí ó lágbára jù lọ lára rẹ̀ ti wà nínú orúkọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe dúró. Ìtàkùn onígi ni èlú, kì í ṣe koríko tí ó ń hù lọ́dún kan kí ó sì kú. Ó lè gun orí igi ńlá ní etí odò, ó sì lè wà ní ẹ̀bá igbó tàbí lórí oko àtijọ́ tí a ti fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ rẹ̀ sinmi. Ara rẹ̀ ni ó fi ń lọ́ mọ́ igi tàbí tí ó fi ń gbára lé e. Kò ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń ká kò bí èyí tí ẹ̀gúsí fi ń di nǹkan mú. Bí kò bá sì sí igi nítòsí, ó máa ń dúró bí igbó kékeré tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé kì í ṣe èlú kìkì nítorí pé kò gun nǹkan kan. Láti mọ̀ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀: ìtàkùn àgbà máa ń le bí igi, ẹ ó sì rí ojú àpá ibi tí wọ́n ti gé e tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èhù tuntun tí ó yọ láti ara kùkùté náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń wọ́wé, nítorí náà ẹni tí ó bá wá a ní oṣù kejì lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ìdílé ẹ̀wà ni èlú ti wá, nítorí náà lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá mọ̀ bóyá inú ìdílé náà ni ewéko tí ẹ rí ti wá. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọ̀pá ewé níbi tí ó ti so mọ́ ẹ̀ka. Nínú ìdílé ẹ̀wà, ibẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí oríkèé ìka, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹsẹ̀ ọmọ ewé kọ̀ọ̀kan rí ní kékeré. Àwọn ìdílé mìíràn wà tí wọ́n ní irú oríkèé bẹ́ẹ̀, nítorí náà òdòdó àti èso ni yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n bí oríkèé náà kò bá sí rárá, kí ẹ fi ewéko náà sílẹ̀ kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ewé gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n máa ń ka ọmọ ewé sí odindi ewé. Ibi tí èhù bá wà ni ewé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀lé ọ̀pá kan lọ sí ìdí rẹ̀ títí ẹ ó fi rí èhù kékeré tí ó fara pamọ́ sí abíyá rẹ̀ lára ẹ̀ka. Gbogbo ohun tí ó wà lókè èhù yẹn, ewé kan ṣoṣo ni, bí ó ti wù kí ó pín tó. Kò sí èhù ní abíyá ọmọ ewé. Nígbà tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ wá ka iye ọmọ ewé tí ó wà lórí ọ̀pá kan. Ti èlú máa ń kọjú sí ara wọn ní méjì-méjì, ọ̀kan a sì dá dúró ní góńgó, nítorí náà iye wọn kì í pé méjì-méjì: ó lè jẹ́ 5, ó lè jẹ́ 7, ó lè jẹ́ 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ewé náà fẹ̀ dáadáa, ó gùn ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí ó bá gbó, etí rẹ̀ sì ń dán gbọnrangandan láìní eyín bí ayùn. Ẹ ka ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára ìtàkùn kan náà, nítorí pé kòkòrò lè ti jẹ ọmọ ewé orí góńgó dànù, kí ẹ sì wá rò pé iye wọn pé méjì-méjì.

Bí ẹ bá bá a nígbà tí ó ń tanná, iṣẹ́ yín ti rọrùn. Ìdì òdòdó rẹ̀ máa ń gùn, ó máa ń ní ẹ̀ka, ó sì máa ń yọ ní orí ẹ̀ka, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ àlùkò. Òdòdó kọ̀ọ̀kan rí bí ti ẹ̀wà: awẹ́ ńlá kan ló gbé orí sókè bí àsíá, awẹ́ méjì tẹ̀lé e ní ẹ̀gbẹ́ bí ìyẹ́, méjì tí ó kù sì pàdé ara wọn ní ìsàlẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Èso rẹ̀ jẹ́ àpò pẹlẹbẹ, tínrín, tí hóró inú rẹ̀ kò pọ̀. Kì í là fúnra rẹ̀ bí ti ẹ̀wà tí ó gbẹ. Ẹ máa rí i tí ó gbẹ sára ìtàkùn, tí ó sì ṣì pa dé.

Ní báyìí, ẹ dán an wò. Ẹ já ewé tútù mẹ́wàá láti orí ẹ̀ka tuntun ewéko tí ẹ rò pé èlú ni, kí ẹ sì já mẹ́wàá mìíràn láti ara ewéko tí ó dá yín lójú pé kì í ṣe èlú, ewé ẹ̀wà oko pàápàá tó. Ẹ gún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun kan náà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀ ni àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú yà wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni etí ti èlú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi mọ́, dúdú tí ó fara mọ́ búlúù ni yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni èékánná ẹni tí ó gún un. Ohun tí ó fa èyí ni pé èròjà kan tí kò ní àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní indican, wà nínú ewé náà. Nígbà tí a bá gún un, ewé fúnra rẹ̀ ni ó ń tú èròjà náà, afẹ́fẹ́ sì ń sọ ọ́ di aró. Ẹ rántí pé kì í ṣe dúdú nìkan ni à ń wá. Ọ̀pọ̀ ewé ni ó ń dúdú bí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, àmọ́ ti wọn máa ń tẹ̀ sí pupa. Ìyá àgbà kan ní ilẹ̀ Bùnú fi ọ̀nà tí ó yá jù hàn mí: ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ewé gbígbẹ láti abẹ́ ìtàkùn náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí i pé ewé tí ó ti wọ́ fúnra rẹ̀ náà ti ṣú bí aró.

Àwọn ewéko kan wà tí ó jọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn sì léwu gan-an. Ìwérénjéjé, tí a tún ń pè ní ojú ológbò, jẹ́ ìtàkùn ìdílé ẹ̀wà tí kì í kú lọ́dún bákan náà. Ọmọ ewé tirẹ̀ kéré, ó pọ̀ lórí ọ̀pá, ó sì pé méjì-méjì láìsí ọ̀kan tí ó dá dúró ní góńgó. Nígbà tí àpò rẹ̀ bá là, hóró pupa tí ó ní ojú dúdú ni ẹ ó rí. Májèlé líle ni ó wà nínú hóró yẹn, hóró kan tí ọmọdé bá fi eyín fọ́ tàbí tí a ti lu ihò sí kí ó tó gbé e mì lè ṣekú pa á, nítorí náà ẹ má ṣe kó o wálé fún ọmọdé láti fi ṣeré. Wèrèpè ní ọmọ ewé mẹ́ta péré, irun ara àpò rẹ̀ sì máa ń yún ènìyàn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kàn án. Igi aró kékeré tí àwọn Hausa ń pè ní baba náà ń fúnni ní aró, ṣùgbọ́n kì í gun igi, ọmọ ewé rẹ̀ kéré, àpò rẹ̀ sì rí roboto tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ńlá.

Nígbà tí ó bá ti dá yín lójú, ẹ fi fóònù ya àwòrán ìdí, ewé láti iwájú àti ẹ̀yìn, òdòdó àti àpò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i àti oṣù tí ó jẹ́ sílẹ̀. Ẹ bi ẹni tí ó ni oko kí ẹ tó gé nǹkan kan. Èhù tútù nìkan ni aláró nílò, nítorí náà ẹ gé e lókè, kí ẹ fi kùkùté sílẹ̀, kí ẹ sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.