Bí mo ṣe ń dá táàpù àtijọ́ mọ̀

Àpótí tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi kò ní ìdérí mọ́. Táàpù, irin tí a fi ń gé eyín (tíréèdì) sínú ihò bóòtù, àti dáì tó ń gé e sára bóòtù ló kún inú rẹ̀, òmíràn ti dípẹtà débi pé ẹ ò lè rí ohun tí wọ́n kọ sí i. Àwọn tó ní kí n tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ò tíì tú ẹ̀rọ Lister àtijọ́ tí wọ́n fi ń lọ ata rí. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, bóòtù rẹ̀ ò bá ti ìsinsìnyí mu.

Ẹ kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ọrùn táàpù náà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà sí. Bí ẹ bá rí W, BSW tàbí WHIT, ti Joseph Whitworth nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì tó gbé sáìsì yìí kalẹ̀ ní 1841. BSF ni àbúrò rẹ̀ tí eyín rẹ̀ wẹ́. BA wà fún sìkúrù kéékèèké, irú ti ohun èlò iná. BSC tàbí CEI, ti kẹ̀kẹ́ ni, eyín 26 sí íǹṣì kan ló sì pọ̀ jù nínú wọn. BSP, ti páìpù, ẹlẹ́tàn ni: wọ́n á kọ 1/2 sí i, àmọ́ ó nípọn tó mìlímítà 21, nítorí ihò inú páìpù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá sì rí 2 nìkan, ẹ má yára pè é ní 2BA. Ó lè jẹ́ ìkejì nínú táàpù mẹ́ta tó ń tẹ̀lé ara wọn. 2BA gan-an ò ju nǹkan bíi mìlímítà 4.7 lọ.

Bí lẹ́tà bá ti parẹ́, kíkà ló kù. Ẹ gbé rúlà lé eyín rẹ̀, kí òdo bọ́ sórí ṣóńṣó eyín kan. Òdo lẹ ó pe eyín yẹn; èyí tó tẹ̀lé e ni oókan, títí ẹ ó fi dé íǹṣì kan. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, tí a máa ń ka òní mọ́ ọn, ò ṣiṣẹ́ níbí. Èmi kà á bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Táàpù 1/2 tó ní eyín 12, mo kà á sí 13. Whitworth ni 12, UNC ti Amẹ́ríkà ni 13. Mo tì í bọ ihò UNC, ó wọlé díẹ̀, ó le, mo fagbára sí i, eyín ihò náà wá ń já bọ́ bí gàrí. Ọ̀gá ò bá mi wí. Ó kàn na rúlà sí mi: “Tún un kà.”

Bí eyín ò bá gùn tó íǹṣì kan, ẹ ka ti ìdajì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ojú yín ò bá ríran dáadáa mọ́ bíi tèmi, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ, kí ẹ ka ojú àpá rẹ̀.

Kíkà nìkan ò tó ṣá o. Whitworth 1/4 àti UNC 1/4, eyín 20 ni méjèèjì. 0BA àti M6, tó jẹ́ sáìsì onímìlímítà, náà, mìlímítà 6 ni wọ́n, eyín kan sí mìlímítà kan. Igun eyín ló yà wọ́n: Whitworth jẹ́ dígírì 55, orí rẹ̀ sì rí róbótó, UNC àti M6 jẹ́ 60, BA jẹ́ 47.5. Ẹ gbé géèjì tíréèdì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé eyín sí létí, lé e, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín wọn, kì í ṣe òun.

Ẹ kọ́kọ́ fi dán àfọ́kù álúmínọ́ọ̀mù wò kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà. Èyí tí mo bá ti dá mọ̀, mo máa ń fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sí ọrùn. Ọ̀kan wà tí kò bá ìwé sáìsì kankan mu, àfìgbà tí mo dán an wò lára sìkúrù ẹ̀rọ ìránṣọ Singer àtijọ́. Singer ní tíréèdì tara wọn. Mo kọ “ìránṣọ” sí i.