Ilé iṣẹ́ òkèèrè fẹ́ ilẹ̀ oko yín: ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìka sí ìwé

Àwọn tó ń wá ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní agbègbè Kétu àti Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kì í sábà fúnra wọn kọ́kọ́ wọ abúlé. Ọmọ ìlú kan ni wọ́n ń rán ṣáájú, tàbí alágbàtà láti Kútọnu, tòun ti ọtí àti owó obì. Ọtí kò burú. Owó obì ni kí ẹ má gbà, pàápàá bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ gbà á. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́ lọ́la, ìwé owó obì yẹn, ì báà jẹ́ 10,000 sẹ́fà péré, ni wọn yóò nà síta pé àsansílẹ̀ ni, pé ẹ ti gbà láti ta ilẹ̀.

Ẹ bi ẹni tó wá bá yín ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó rán an, nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba (RCCM), àti ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn. Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sìn ín dé ọ̀nà.

Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013 tí wọ́n tún ṣe ní 2017, kò gba àjèjì láyè láti ra ilẹ̀ oko ní ìgbèríko. Ó lè háyà rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kò lè di onílẹ̀. Ìwé ọmọ onílùú sì ni òfin ń wò, kì í ṣe èdè tí ènìyàn ń sọ: ọmọ Ìmẹ́kọ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àjèjì ni, ì báà mọ oríkì baba yín jù yín lọ. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ pàápàá, tó bá fẹ́ ra ju hẹ́kítà 2 lọ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, gbọ́dọ̀ mú ètò iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níbẹ̀ wá kó sì gba àṣẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ ni àṣẹ ń gòkè, títí dé ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà. Hẹ́kítà 1000 ni òpin.

Ibi méjì ni wọ́n ti ń yọ́ kọjá. Wọ́n lè fi ọmọ onílùú ṣe bojúbojú: orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé, owó àjèjì ló ń san án. Tàbí kí wọ́n máa rà á ní hẹ́kítà kan àbọ̀ kan àbọ̀, lórúkọ ènìyàn mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí i pé àwọn ilẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń rà so kọ́ra, ẹ tètè fi tó mérì, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, létí.

Ìwọ̀n ilẹ̀ ni ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. "Láti odò dé ìdí ìrókò" kì í ṣe ìwọ̀n. Kántì kan jẹ́ mítà 20 sí 20, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 400. Kántì 25 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà 600 tó sì fẹ̀ ní 400 jẹ́ hẹ́kítà 24, ìyẹn kántì 600. Bí ìwé bá pè é ní hẹ́kítà 30, hẹ́kítà 6 tó lé yẹn, ilẹ̀ ará ilé kejì ni, ẹ̀yin ló sì máa bá jà. Fóònù lè ràn yín lọ́wọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ó lè ṣìnà ní mítà 5, jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ igi. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó gùn ní mítà 100, mítà 5 yẹn ti ju kántì kan lọ. Nítorí náà, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni kó wọ̀n ọ́n, kí ẹbí, àwọn tí ẹ jọ pààlà àti ẹni tó fẹ́ ilẹ̀ sì jọ rìn ín yíká. Kí ó ya ibojì, igbó Orò, kànga, ọ̀nà màlúù àti igi ẹ̀mí (igi òrí) tí àwọn obìnrin ń ṣà sínú àwòrán, kí a sì yọ wọ́n kúrò nínú ilẹ̀ tí ẹ máa fún ilé iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìpàdé ẹbí. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i, tọmọbìnrin tọmọkùnrin: òfin ẹbí ti 2004 fún wọn ní ẹ̀tọ́ ogún kan náà. Ìwé tí baálé nìkan fọwọ́ sí, ọmọ kan lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Kí ẹ sì lọ gba ADC, ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yin ló ni ilẹ̀ nípa àṣà, ní mérì. Ẹ gbà á kí ilé iṣẹ́ tó wọlé, torí kí wọ́n tó fún yín ní ìwé náà, wọ́n máa ṣe ìwádìí ní gbangba níwájú àwọn tí ẹ jọ pààlà.

Nígbà tó bá kan àdéhùn, ẹ háyà, ẹ má tà. Ìjọba gan-an, nígbà tó fún àwọn ará Ṣáínà ní ilé iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ ní 2003, háyà ló háyà rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ọdún tí wọ́n bá kọ. Ní Madagásíkà, ọdún 2008, ilé iṣẹ́ Daewoo Logistics fẹ́ gba nǹkan bíi hẹ́kítà mílíọ̀nù 1.3 fún ọdún 99. Ará ìlú fárí gá, ìjọba tuntun sì fagi lé e ní 2009. Ọmọ-ọmọ ẹni tó fọwọ́ sí ọdún 99 lè má fojú rí òpin rẹ̀. Ọdún 15 sí 20 tó.

Owó háyà tí kò yí padà máa ń di yẹpẹrẹ. Ẹ fi àgbàdo wọ̀n ọ́n: bí àpẹẹrẹ, hẹ́kítà kan lọ́dún kan yóò jẹ́ iye owó àpò àgbàdo oníkílò 100 méjì, bí wọ́n bá ṣe ń tà á lọ́jà Kétu ní oṣù kìíní. Kí ó wà nínú ìwé pé ilẹ̀ tí wọn kò bá dá oko sí láàárín ọdún 3 padà di tiyín, pé wọn kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ dúró ní báǹkì tàbí háyà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé wọn kò ní fọ́n oògùn lẹ́bàá ojú odò, àti pé ilé ẹjọ́ Bẹ̀nẹ̀ ni yóò dá ẹjọ́.

Èdè Faransé ni wọn yóò fi kọ ìwé náà. Ẹni tí ẹ̀yin yàn ni kó kà á fún yín ní Yorùbá, kì í ṣe ẹni tí wọ́n mú wá. Kí ẹ fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan níwájú nòtẹ́ẹ̀rì, kì í ṣe ti ìkẹyìn nìkan, torí ojú ewé àárín ni wọ́n ń pààrọ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ẹbí, ọ̀kan sọ́dọ̀ olórí abúlé, kí nòtẹ́ẹ̀rì mú ọ̀kan. Owó kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ẹnì kan: ẹ ṣí àpò báǹkì lórúkọ ẹbí, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbà níbẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ obìnrin.