Ẹ dín ìjẹ inú àpótí yín kù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi apẹja, bí àpótí ìjẹ àtọwọ́dá yín bá ti ń wúwo jù, ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ má fi àwọ̀ pín wọn o. Ibi tí ìjẹ ti ń ṣiṣẹ́ nínú omi ni kí ẹ wò: ojú omi, àárín, ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, ìwọ̀ olórí òjé tí a fi rọ́bà onírù wọ̀ ni màá mú. Òjé gíráàmù 5 tó fún omi tí kò jìn. 10 sí 15 fún ibi tó jìn tàbí tí omi ti ń sáré. Ẹ lè wọ́ ọ nísàlẹ̀, ẹ sì lè fà á gba àárín. Ẹ fi ìjẹ onírin tó ń yí kan kún un, àti èyí tó ń léfòó kan fún ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Àwọ̀ ńkọ́? Èyí tó jọ ẹja kéékèèké fún omi tó mọ́, dúdú tàbí èyí tó ń tàn fún omi tó dàrú.

Ẹ má kó rọ́bà mọ́ àwọn ìjẹ líle. Ó lè bó ọ̀dà ara wọn. Ìwọ̀ tó bá ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ìjẹ tó kù, ẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹja pípa.