Bẹ́ ẹ ṣe máa mú báàgì kámẹ́rà tó máa tọ́jọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé kámẹ́rà rìnrìn-àjò, ẹ má tíì wo àwọ̀ báàgì o, síìpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ló sábà máa ń tètè bàjẹ́. Ẹ kó ẹrù sínú ẹ̀, ẹ wá fa síìpù yẹn lọ fà á bọ̀, tó bá ń há, ẹ gbé e sílẹ̀ jàre. Aṣọ ẹ̀ ńkọ́? Náílọ́ọ̀nù 500D sókè ló dáa fún inú igbó àti orí òkè, D yẹn ló ń sọ bí òwú ẹ̀ ṣe nípọn tó, àmọ́ bó bá ṣe ń nípọn sí ló ṣe ń wúwo sí, ẹ̀yìn yín náà lẹ ó sì fi pọ̀n ọ́n. Ti òjò, ẹ ra èyí tó ní ìbòrí tiẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tó ń ṣí láti ẹ̀yìn, torí tẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ dé ẹrẹ̀ kẹ́ ẹ lè ṣí i, apá tó ń kan ara yín ò ní dọ̀tí, olè ò sì ní ráyè ṣí i tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́. Bẹ́líìtì ìbàdí ṣe pàtàkì, òun ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ èjìká.