Sítíárìn bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ti ní pléè: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Volkswagen T4 ni mo fi ń kó búrẹ́dì láti Agége lọ sí Ìdúmọ̀tà ní ìdájí. Láìpẹ́ yìí, sítíárìn rẹ̀ ti ń ṣe bákan. Mo lè yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí táyà má tíì mọ̀ pé mo yí nǹkan kan; pléè ni wọ́n ń pè é. Tí mo bá gun Third Mainland, ọwọ́ mi kì í sinmi, torí ọkọ̀ ń fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀. Tí mo bá sì wọ kòtò, mo ń gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mẹkáníìkì mi ní ráàkì, irin gbọọrọ tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún tàbí sósì, ló ti kú, pé kí n lọ ra òmíràn ní ọjà Ládípọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ owó. Nínú gbogbo irin tó wà láàárín ọwọ́ yín àti táyà, ráàkì ló wọ́n jù, òun sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ wo iye nǹkan tó lè dẹ̀ kí ó tó kàn án: ibi tí ọ̀pá sítíárìn ti tẹ̀ nísàlẹ̀, bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà) tó di ráàkì mú mọ́ ara ọkọ̀, táì-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà) ti inú, táì-rọ́ọ̀dù ti òde, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tó ń jẹ́ kí táyà lè yà) òkè àti ti ìsàlẹ̀, títí dé bẹ́ríǹ táyà. Ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn ló lè fún yín ní pléè tí ẹ ń sọ yìí.

Ẹ má gbé ẹrù gorí afárá yẹn títí ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́. Kìlómítà 11.8 ni láti Oworonṣókí dé Adéníjí Adélé, ọ̀sà ló sì wà lọ́tùn-ún lósì. Tí táì-rọ́ọ̀dù bá já níbẹ̀, táyà kan á yà sọ́tùn-ún, èkejì á yà sósì, kò sì sí ohun tí awakọ̀ lè fi sítíárìn ṣe mọ́.

Báyìí ni kí ẹ ṣe wá a. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Ẹ fa bírékì ọwọ́, ẹ fi òkúta tàbí igi di táyà ẹ̀yìn, ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú gíà. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, torí páwà sítíárìn ni. Kí ẹnì kan jókòó sórí sítíárìn, kí ó máa yí i díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ó má yí i jù. Kí ẹ̀yin wọ abẹ́ ọkọ̀, kí aṣọ àti ọwọ́ yín jìnnà sí bẹ́líìtì. Ojú nìkan kò tó o. Ẹ fi ìka lé gbogbo ibi tí irin méjì ti pàdé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá sítíárìn wá sí ẹ̀bá táyà. Níbi tí irin kìíní bá ti yí kí èkejì tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ lẹ ń wá. Tí ráàkì fúnra rẹ̀ bá ń sún lára ọkọ̀, bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló ti jẹ. Kò túmọ̀ sí pé ráàkì bàjẹ́. Inú rọ́bà ni táì-rọ́ọ̀dù ti inú wà, nítorí náà ẹ fún rọ́bà náà mọ́ra kí ẹ lè fọwọ́ mọ bó ṣe ń mì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé táyà iwájú kan sókè. Ẹ gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró. Ẹ má fi ẹ̀mí lé jáàkì nìkan lọ́wọ́. Ẹ di táyà mú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì rẹ̀, kí ẹ mì ín. Tí ó bá mì, táì-rọ́ọ̀dù tàbí ráàkì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ tún di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín. Tí ó bá mì, kí ẹnì kan tẹ bírékì kí ẹ tún mì ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́ríǹ ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni.

Ìbéèrè: Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí. Táì-rọ́ọ̀dù òde lápá òsì ló dẹ̀, bọ́ọ̀ṣì ráàkì náà sì ti jẹ. Mẹkáníìkì ní òun lè di sikúrù ara ráàkì kí pléè náà lọ ná, kí òun sì fi wẹ́dà lẹ táì-rọ́ọ̀dù títí owó á fi dé.

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má gbà fún un, bó ti wù kí ọwọ́ le tó. Àárín ráàkì ló máa ń jẹ jù, torí ibẹ̀ la ti ń wakọ̀ lójoojúmọ́. Tí ẹ bá di sikúrù yẹn kí pléè àárín lè lọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí kò tíì jẹ á gan. Ẹ ó yí kọ́nà ní Òjúẹlẹ́gba, sítíárìn kò ní padà fúnra rẹ̀. Pléè tiyín kò tilẹ̀ sí nínú ráàkì, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín rí i.

Ti wẹ́dà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná máa ń ba agbára irin sítíárìn jẹ́, ibi tí wọ́n lẹ̀ sì ni yóò já láìkìlọ̀. Ẹ ra táì-rọ́ọ̀dù òde tuntun, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà bí agbára bá gbé e, pẹ̀lú bọ́ọ̀ṣì ráàkì. Kí wọ́n tó tú ti àtijọ́, ẹ sàmì sí ibi tí lọ́kì-náàtì dúró sí. Náàtì tuntun ni kí wọ́n fi dè é. Tí ó bá jẹ́ oríṣi tó ń lo pín-ìn-nì, irin kékeré tí kì í jẹ́ kí náàtì tú, pín-ìn-nì ni kí wọ́n fi sí i. Mo ti rí ìṣó níbẹ̀, mo sì ti rí wáyà iná pẹ̀lú. Inú mi bàjẹ́ fún àwọn èrò tó wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́ lọ ṣe aláìmẹ́ǹtì (kí wọ́n tún táyà tò kí ó tọ́) lọ́jọ́ náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà iwájú á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí oṣù tó parí.

Ìbéèrè (awakọ̀ mìíràn): Bọ́ọ̀sì tèmi wá láti Japan, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà kí wọ́n tó bá mi yí i sí òsì. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń yí i, á le, á rọ̀, á tún le.

Ìdáhùn: Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì ni iṣẹ́ yíyí sítíárìn yìí ti ní oníbàárà, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ohun tí ẹ ń sọ yìí fi hàn pé ibi tí ọ̀pá sítíárìn ti tẹ̀ kò dọ́gba: ó tẹ̀ jù, tàbí kí wọ́n ti to jọ́ìǹtì méjèèjì lódì sí ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n fi wẹ́dà lẹ ọ̀pá náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé èrò kankan mọ́ títí ẹ ó fi rí ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ọlọ́wọ́ òsì. Bí kò bá sí wẹ́dà, kí wọ́n tú jọ́ìǹtì, kí wọ́n tún un tò.

Ìbéèrè: Tèmi kò ní pléè, ṣùgbọ́n tí mo bá ti sáré dé bí 80, sítíárìn á máa gbọ̀n.

Ìdáhùn: Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣe bàálánsì, kí ẹ sì fọwọ́ pa ara táyà bóyá ó ti wú níbì kan. Tí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT tí wọ́n kọ sára táyà: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015.

Ìbéèrè: Sítíárìn mi le, páǹpù sì ń ké tí mo bá yí i dé òpin.

Ìdáhùn: Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà, lẹ́yìn náà bẹ́líìtì, lẹ́yìn náà ọ́ìlì páwà sítíárìn. Tí ọ́ìlì bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Tí ó bá ń dín kù, ó ń jò níbì kan. Ẹ fún rọ́bà ráàkì wò bóyá ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Ẹ má bu ọ́ìlìkọ́ìlì sí i. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ń lo pupa tí gíà ọ̀tọmátíìkì ń lò, T4 sì sábà máa ń lo aláwọ̀ ewé. Tí a bá pò wọ́n pọ̀, síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, á bàjẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo ọ́ìlì náà. Ẹ má sì di sítíárìn mú lópin ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, torí páǹpù á gbóná.

Ìbéèrè: Tó bá wá jẹ́ ráàkì lóòótọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sí Ládípọ̀, kí ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ fi ọwọ́ yí ti tòkúnbọ̀ náà láti òpin dé òpin. Kò gbọdọ̀ há níbì kankan. Ẹ ká rọ́bà rẹ̀ sẹ́yìn: bí ìpẹtà bá wà lára irin tó ń dán yẹn, tàbí tí ọ́ìlì bá ṣàn jáde, ẹ dá a padà fún wọn. Kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ lè dá a padà, kí ẹ tó sanwó.