Owó ọ̀kadà ló kọ́ mi ní jíjí ìdájí

20,400 náírà! Ohun tí mo fi ra oorun nìyẹn ní oṣù kan ṣoṣo. Àpáta ni mò ń gbé n'Ìbàdàn, Mọ́kọ́lá ni ibi iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá tètè jáde á wọ máíkírà ní 500. Ẹni tó bá jí ní agogo méje bíi tèmi, ọ̀kadà ló máa gùn: 1,700, ọlọ́kadà ò sì ní gba 1,600. Nígbà tí oṣù parí tí mo jókòó ṣírò ẹ̀, ìgbà 17 ni mo gun ọ̀kadà, 1,200 ni mo sì ń fi lé owó máíkírà nígbà kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ni mo bá ní agogo márùn-ún ni n ó máa jí. Pé kéèyàn lọ aṣọ sílẹ̀ lálẹ́, kó má jẹ iyán ní agogo mẹ́wàá, ta ni ò mọ ìyẹn?

Fóònù ni wàhálà. Òun ni aago mi, òun ni tọ́ọ̀ṣì mi, nítorí náà abẹ́ ìrọ̀rí ló ń sùn. Òru ni wọ́n sì sábà máa ń mú iná dé ládùúgbò wa. Báwọn ọmọ ilé bá ti pariwo "Ọ́ọ̀pù NÉPÀ!", n ó dìde lọ ki fóònù bọ iná. Kí n kàn wo aago ni o! Ibẹ̀ ni n ó ti bọ́ sórí Wáàsáàpù, láti ibẹ̀ ó di fídíò ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ kànga. Mi ò ní ilẹ̀, mi ò gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n agogo mẹ́ta á ti lù. Bí aago bá dún ní márùn-ún, ọwọ́ mi á ti pa á kójú mi tó là. Ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ọwọ́ yín yìí kì í sùn ni?"

Mo gbé fóònù sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo dìde, mo pa á, mo padà sùn. Mo gbé e sí pálọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rárá, ọjọ́ yẹn gan-an lọ̀gá mi dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ báyẹn.

Wọ́n á tún máa sọ pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ni lára! Dókítà kan tó ń tún ojú èèyàn ṣe ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1960, pé ó kéré tán, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ aláìsàn lára. Kí ló kan ojú títún ṣe kan máíkírà? Àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé èèyàn 96, ohun tí wọ́n rí sún mọ́ ọjọ́ 66, ẹni tó yá jù sì lo 18. Tèmi lé ní 70.

Aago alágogo kékeré ló gbà mí, 3,500 ní Dùgbẹ̀. Kò sí bátìrì nínú ẹ̀, oníṣòwò ò sì la ẹnu sọ fún mi. Inú abọ́ páànù ni mo gbé e sí, ní balùwẹ̀. Bó bá dún, gbogbo ilé ló ń mì. N ó sáré lọ pa á káwọn ìbejì tó jí, n ó sì bá ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Fóònù ń sùn ní pálọ̀. Ká ní mo ti ra aago yẹn lọ́jọ́ kìíní ni, owó ọ̀kadà oṣù méjì ì bá kù sápò mi.

Oṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gun ọ̀kadà, òjò ló sì fa ọ̀kan. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi tẹ́lẹ̀ pàdé mi níbùdókọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ ti kó kúrò l'Ápáta ni."